Ẹyẹ Tó Ń Tẹ̀lé Ọkọ̀ Wálé

Àǹtí tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Lithonia, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, kò gbà títí dòní pé ẹyẹ lásán ni mo ń lọ wò. Ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé, tí atẹ́gùn bá ti ń tutù, tí ewé igi iwájú ilé bá ti ń pọ́n bí ata, mo máa ń gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, màá sì wa mọ́tò láti ìdájí títí mo fi máa dé etí òkun lápá Savannah. Ó tó wákàtí mẹ́rin kí n tó débẹ̀. Màá dúró, màá wo ẹyẹ, màá sùn síbì kan, màá sì padà wálé lọ́jọ́ kejì. Lọ́dún àkọ́kọ́, Àǹtí rò pé ọkùnrin ni mo ń lọ rí. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní bi mí ní nǹkan kan, kí n ṣáà rí i pé Kristẹni ni, kó sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó di ọdún kejì tí wọn ò rí ọkùnrin kankan, ọ̀rọ̀ náà sú wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "you will drive four hours, nítorí ẹyẹ? Tó bá jẹ́ ẹyẹ lo fẹ́ rí, turkey wà nínú freezer mi. Jókòó tì í, máa wò ó."

Ará Ìjẹ̀bú ni Àǹtí, nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n, wọn ò sì fẹ́ràn ohunkóhun tí wọn ò bá rí ìdí rẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn ni mo háyà nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ara wọn di ẹ̀gbọ́n mi, olùdámọ̀ràn mi, àti ẹni tó ń bá mi jà tí mo bá jẹ búrẹ́dì lásán sùn. Bí mo bá ń lọ sétí òkun, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà dé, bó ti wù kí n pẹ́ tó, màá bá ìkòkò ọbẹ̀ lórí sítóòfù, iná rẹ̀ á ti rẹlẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọn kì í sọ pé èmi ni wọ́n gbé e kaná dè. Wọ́n á ní àwọn gbàgbé láti pa iná ni.

Ibi tí mo máa ń dúró sí, ìpẹ̀kun erékùṣù kan ni, níbi tí ilẹ̀ ti yọrí sínú òkun bí ìgbín ṣe ń yọrí nínú ìkarahun. Yanrìn ga díẹ̀ níbẹ̀, koríko gígùn hù lé e lórí, wọ́n sì kó àwọn òkúta ńláńlá sísàlẹ̀ rẹ̀ kí ìgbì má bàa wó o. Ẹni tó bá dúró sórí rẹ̀, omi ló máa rí lápá ọ̀tún, omi lápá òsì, omi níwájú. Ní ìgbà ìwọ́wé, ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ òkun ń gbà kọjá lọ sí gúúsù. Àwọn kan wà tó tóbi, tí àpò rọ̀ lábẹ́ àgógó wọn, pelican ni wọ́n ń pè wọ́n níbí. Wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé, ìyẹ́ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Àwọn kan wà tó funfun, tí orí wọn dúdú lẹ́yìn, tó wá pá níwájú bí orí ọkùnrin tó ti ń dàgbà. Wọ́n á dúró sójú kan lófuurufú, wọ́n á wo omi, wọ́n á já sómi gbì. Àwọn kan sì wà lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn funfun ńlá tí ṣóńṣó ìyẹ́ wọn dúdú. Àwọn yẹn kì í sún mọ́ ilẹ̀ rárá, bí ẹni pé ilẹ̀ jẹ wọ́n ní gbèsè tí wọn ò fẹ́ gbà.

Àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn ẹyẹ máa ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú awò gígùn tí wọ́n gbé lé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n á ní kí n wá fojú sí awò àwọn, wọ́n á sì bi mí pé ẹyẹ wo ni mo wá wò. Mo máa ń ní gbogbo rẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ẹyẹ tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ wálé ni mo ń wá.

Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìlú tí àwọn ilé rẹ̀ dúró lórí òpó, tó jẹ́ pé afárá pákó ni ọ̀nà wa. Apẹja ni bàbá mi, ìyá mi ló ń yan ẹja. Láàárín iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ẹyẹ ló wà níbẹ̀. Tí bàbá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá ti jáde ní ìdájí, kò sẹ́ni tó lè rí ọkọ̀ wọn mọ́ láti ilẹ̀, nítorí náà ẹyẹ ni ìyá mi máa ń wò. Bí ẹyẹ bá ṣù jọ sójú kan lókèèrè, tí wọ́n ń já sínú omi, ìyá mi á ní ẹja ń bẹ níbẹ̀, bàbá wa náà ò ní jìnnà. Bí àwọn ẹyẹ náà bá wá gbéra, tí wọ́n ń yípo bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, a jẹ́ pé ọkọ̀ ti kọrí sílé, àwọn ẹyẹ sì ń tẹ̀lé e nítorí ìfun ẹja tí wọ́n ń dà sómi. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi á dáná sí ààrò ẹja. Bí wọ́n bá tètè dá a jù, igi á jó tán kí ẹja tó dé. Bí wọ́n bá pẹ́ dá a, ẹja á ti máa rọ̀ nínú oòrùn. Ẹyẹ ni aago wa.

Èmi ni àkọ́bí, èmi ni wọ́n sì kọ́ níṣẹ́ náà. Màá jókòó sórí afárá, ẹsẹ̀ mi á máa fì lókè omi, ìyá mi á máa ti ìdí ààrò bi mí pé, "Kí lo rí?" Mi ò gbọdọ̀ dáhùn pé ẹyẹ ni mo rí. Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n ń ṣe, àti ibi tí wọ́n kọjú sí. Àwọn ẹgbẹ́ mi á wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa ju ọwọ́ sí lékeléke kó lè fún wọn ní èékánná funfun, èmi á jókòó gbagidi síbẹ̀ bí olùṣọ́ báǹkì. Inú máa ń bí mi gan-an. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó máa wá irú ìjókòó yẹn kiri.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ti dáná de ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò létí omi títí ọkọ̀ náà á fi gúnlẹ̀. Kì í ṣe pé kó rí ọkọ̀ lókèèrè, kó ní ó ti dé. Ẹni tó lọ sómi gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo ti gúnlẹ̀." Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á wá dá a lóhùn pé, "Ẹ kú ewu omi." Ìgbà yẹn ni ìṣọ́ tó parí. Bàbá mi lè bínú dé, ó lè ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n lè máà rí ẹja kan ṣoṣo mú bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ohun mìíràn. Ìyá mi náà lè ti máa bá wọn jà láti àná, wọ́n á kí wọn kí ìjà tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi kò fi òfin yìí ṣeré nítorí ọ̀rọ̀ àbúrò wọn ọkùnrin. Èmi ṣì kéré nígbà náà. Ìyàwó àbúrò wọn yìí rí ẹyẹ tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ kan, ó dáná, ó rò pé òun lè sáré ra iyọ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ọkọ̀ náà kò gúnlẹ̀. Ìgbì dojú rẹ̀ dé níbi tí kò jìnnà sílẹ̀ rárá, níbi téèyàn ti lè ju ọwọ́ kí ẹni tó ń wò rí i. Kò sẹ́ni tó ń wò, omi sì gbé e lọ. Wọn ò dá ìyàwó náà lẹ́bi lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò kúrò létí omi mọ́ tí ẹni wọn bá wà lórí rẹ̀, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe àìsàn. Bàbá mi dàgbà, wọ́n darúgbó, orí ibùsùn wọn ni wọ́n kú sí, nínú ilé wọn. Ìyá mi gbà pé ìṣọ́ tí àwọn ṣọ́ ló fà á. Ta ni èmi tí màá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí mo fẹ́ wá kàwé ní Amẹ́ríkà, ìyá mi sìn mí dé ibi tí ọkọ̀ Ìgbókòdá ti ń gbéra. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n tún ìborùn mi so, wọ́n ní kí n má pẹ́. Mo ní tí mo bá ti kàwé tán báyìí, màá wálé. Nígbà tí mo balẹ̀ sí Atlanta tí mo pè wọ́n, mo ń retí kí wọ́n kí mi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, àmọ́ wọn ò kí mi kú ewu. Mo rò pé ayọ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Nígbà tó ṣe, mo bi wọ́n. Wọ́n dá mi lóhùn bí ìgbà téèyàn ń dá ọmọdé lóhùn, pé ọkọ̀ tó lọ ni, kò tíì bọ̀, a kì í sì í kí ẹni tó ṣì wà lójú omi.

Bí èmi tí wọ́n kọ́ ní ìṣọ́ ṣe di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ parí, mo ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní apá Lawrenceville, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí èémí wọn kò já gaara. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, lọ́yà mi sì ti kìlọ̀ pé tí mo bá fi lè jáde nílùú kí wọ́n tó dáhùn, kí n má ronú àtiwọlé mọ́. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ fún ìyá mi pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ń dé, ó ń lọ, kì í mú mi dání.

Atlanta kò sún mọ́ òkun rárá. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nípa ìlú náà nìyẹn, pé gbogbo èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ń wo omi. Tí mo bá dijú lórí ibùsùn, mọ́tò lórí títì ńlá I-20 máa ń dún létí mi bí ìgbì, ṣùgbọ́n ìgbì máa ń mí sínú kó tó tún mí síta. I-20 kì í mí sínú. Lọ́jọ́ kan tí mo ń tibi iṣẹ́ bọ̀, mo yà ra ìrẹsì àti tòmátì ní plásà kan. Òjò winniwinni ń rọ̀. Bí mo ṣe jáde, ẹyẹ òkun ti kún ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Wọ́n dúró lórí ọ̀dà, gbogbo wọn kọjú sí atẹ́gùn, bí wọ́n ṣe máa ń dúró sórí yanrìn nílé gẹ́lẹ́. Mi ò mọ ohun tó gbé wọn dé ibi tó jìnnà sómi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń jẹ ọ̀dùnkún díndín tí ẹnì kan dà sílẹ̀. Mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú àpò ìrẹsì lọ́wọ́, ẹkún sì gbé mi. Obìnrin kan yí gíláàsì mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí bóyá kò sí nǹkan. Mo ní àárò ilé ló ń sọ mí. Ó ní ṣé ilé mi jìnnà síbẹ̀ ni, kí òun gbé mi lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ wa mọ́tò lọ wá òkun. Mo dé orí ilẹ̀ tó yọrí sómi yẹn, mo jókòó, kò pẹ́ tí mo fi rí ọkọ̀ àwọn tó ń pa edé. Ó ń ti ojú òkun bọ̀, ó na igi àwọ̀n rẹ̀ méjèèjì síta bí apá, ẹyẹ sì bò ó pitimu, wọ́n ń pariwo. Ọwọ́ mi bọ́ sínú àpò mi, ó ń wá nǹkan. Ìgbà tó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde ni mo tó mọ̀ pé ìṣáná ni mo ń wá. Mo fẹ́ dáná. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ yẹn, kò sì sí èyí tó ń bọ̀ wá bá mi nínú wọn, síbẹ̀ mi ò lè kúrò níbẹ̀ títí ó fi wọ ẹnu odò. Mo wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí àwọn òyìnbó ẹlẹ́yẹ má bàa rò pé orí mi ti yí, mo ní ẹ kú ewu omi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ lọ́dọọdún, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń pe ìyá mi. Òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ mi, oòrùn ti ń rọlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìlàjẹ ni àwa méjèèjì ń sọ síra wa. Mo kàn ń kọ ọ́ síbí ní Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́ ni. "Kí lo rí?" ni wọ́n máa ń bi mí, bíi tìgbà tí ẹsẹ̀ mi ń fì lórí afárá. Màá sọ ibi tí àwọn ẹyẹ wà, ohun tí wọ́n ń ṣe, àti ibi tí wọ́n kọjú sí. Tí mo bá ní gúúsù, ìyá mi á ní, "Wọ́n ń bọ̀ wálé nìyẹn." Mi ò sọ fún wọn rí pé ibòmíràn ni àwọn ẹyẹ yẹn ń lọ.

Ṣùgbọ́n òkun ti ń jẹ ìlú wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé ìwé tí mo lọ ti wà lábẹ́ omi. Ibi tí a ti ń jó lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lábẹ́ omi. A máa ń sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ àgbà tó ń ṣàìsàn, a mọ ibi tó ń lọ, a kì í wí i. Nígbà tó di ọdún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin pè mí. Tíṣà ni, Ìgbókòdá ló ń gbé, ilé rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì ti tún yàrá kan ṣe de ìyá wa níbẹ̀. Ó ní ilé tó wà níwájú tiwa ti wó sómi. Òpó méjì ti ń mì lábẹ́ yàrá ìyá wa. Àwọn aládùúgbò ti kó lọ tán. Ó ti bẹ ìyá wa, pásítọ̀ ti bẹ̀ wọ́n, wọn ò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dáná sí ààrò tí kò sí ẹja lórí rẹ̀, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wo omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè," ni àbúrò mi wí. "Wọ́n ní àwọn ò lè kúrò létí omi nígbà tí ọmọ àwọn ṣì wà lórí rẹ̀. Omi yẹn máa gbé wọn lọ, ọ̀nà yín ni wọ́n á sì máa wò tó fi máa gbé wọn."

Inú bí mi. Inú máa ń tètè bí mi tí ẹ̀rù bá bà mí. Mo pe ìyá mi, mo ní kí wọ́n dìde kí wọ́n máa lọ sí Ìgbókòdá. Wọ́n ní kí n wálé, àwọn á lọ. Mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Wọn ò fi bínú, wọn ò fi halẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ṣàdúrà fún mi kí wọ́n tó gbé fóònù kalẹ̀, èyí tó tún wá bà mí nínú jẹ́ ju èébú lọ.

Mo sọ ọ́ fún Àǹtí nílé ìdáná. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lọ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn ò dá àpárá kankan sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Wọ́n bi mí bí òfin náà ṣe rí, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn látòkè délẹ̀, bí ẹni tó lọ sómi ṣe gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti gúnlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ ti ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"So ìwọ nìkan lo lè tú wọn sílẹ̀," ni wọ́n wí. "My dear, ṣé o máa padà sílé?"

Mo ní mi ò mọ̀. Àǹtí ní ìyá mi kì í ṣe ẹni tí mi-ò-mọ̀ lè gbé kúrò létí omi. Wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí mo bá sọ pé mo ti gúnlẹ̀, a jẹ́ pé ibí yìí ni mo gúnlẹ̀ sí nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, nígbà òtútù, nígbà àìsàn, nígbà tí mo bá jókòó nínú mọ́tò lẹ́yìn iṣẹ́ tí mi ò lè wakọ̀ nítorí ẹni tó kú lọ́wọ́ mi, ohun kan ló ń gbé mi ró. Obìnrin kan jókòó sídìí iná létí omi, ó ń wo ẹyẹ nítorí mi. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń wò, mo ṣì ń bọ̀ nílé. Mo fẹ́ kí ìyá mi yè. Mo sì tún fẹ́ kí wọ́n máa dúró dè mí. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì kò ṣeé fi sínú ọkọ̀ kan náà.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, mo lọ. Àbúrò mi ti wọ ọkọ̀ lọ bá ìyá wa lọ́jọ́ náà, òun ló di fóònù mú kí n lè rí wọn. Mo dúró sórí ilẹ̀ tó yọrí sómi, mo bọ́ bàtà mi, mo sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn òkúta dé ibi tí yanrìn ti tutù. Ọkọ̀ edé kan ń bọ̀ lókèèrè. Ìyá mi yọ lójú fóònù. Wọ́n ti rù sí i. Iná ààrò ń jó lẹ́yìn wọn.

"Kí lo rí?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹyẹ pọ̀, màámi. Ọkọ̀ kan ni wọ́n ń tẹ̀lé. Wọ́n kọjú sílẹ̀."

"Ọkọ̀ ta ni?"

Mo wo ọkọ̀ náà, mo wo ojú ìyá mi, mo sì sọ ọ́ kí n tó rí àyè rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Èmi ni, màámi. Mo ti gúnlẹ̀."

Mo ń gbọ́ ìgbì lábẹ́ ilé wọn, mo ń gbọ́ ìgbì tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mi ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Wọ́n bi mí pé níbo. Mo ní níbí, ní Amẹ́ríkà níbí.

"Kì í ṣe ilé?"

"Kì í ṣe ilé, màámi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni."

Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n. Mo da ojú fóònù kọ ẹsẹ̀ mi. Mo tẹ àtàmpàkò ẹsẹ̀ mọ́ yanrìn kí wọ́n lè rí i pé ó le. Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyá wa gba fóònù lọ́wọ́ òun, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n sì wo ẹsẹ̀ mi títí bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun.

"Ta ló dáná dè ọ́?" ni wọ́n bi mí.

Mi ò retí ìbéèrè yẹn. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé kò sí. Ìgbà náà ni mo rántí ìkòkò ọbẹ̀ orí sítóòfù. Mo ní obìnrin kan wà, àgbà ni wọ́n, ará Ìjẹ̀bú, pé tí mo bá ti lọ sétí òkun, wọ́n máa ń gbé ọbẹ̀ kaná dè mí títí n ó fi dé, tí wọ́n bá sì rí mi, wọ́n á ní àwọn gbàgbé láti pa iná ni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà, kí n bá àwọn kí wọn.

Wọ́n gbé fóònù fún àbúrò mi. Mo rí i tí wọ́n dìde, tí wọ́n tún ìró wọn ró, tí wọ́n bu omi òkun sínú igbá, tí wọ́n sì dà á sórí iná. Èéfín gba ojú fóònù. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí i rí kí ìyá mi fọwọ́ ara wọn pa iná ààrò láì tíì yan ẹja. Nígbà tí èéfín náà ṣí, wọ́n ti padà síwájú fóònù.

"O kú ewu omi, ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Ìkíni tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti dé nìyẹn. Nígbà tó wá dé, ó dùn mí débi pé mo ní láti jókòó sínú omi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bá àbúrò mi lọ sí Ìgbókòdá. Ilé wa wó nígbà ọyẹ́, kò sẹ́ni tó wà nínú rẹ̀. Ara ìyá mi ti yá, wọ́n ti sanra díẹ̀, wọ́n ń bá àbúrò mi jà nítorí bó ṣe ń se ẹja. Wọn kì í rí òkun láti ibẹ̀.

Ìgbà ìwọ́wé ti tún dé. Mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè wọ́n láti orí ilẹ̀ yẹn bí ìṣe mi. Ẹyẹ pọ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe rí wọn rí lọ. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè Àǹtí, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n ní kí n wọ aṣọ tó nípọn. Mo di fóònù mú létí, mo ń dúró kí wọ́n bi mí pé kí ni mo rí. Gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, ibi tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n ń ṣe, ibi tí wọ́n kọjú sí. Wọn ò bi mí.